Ọkọ̀ Eré-Ìje Nínú Òjò New Bell

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òjò kan náà ló ń rọ̀ káàkiri ayé, ẹ bi í bóyá ó ti dé Douala rí. Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n bí mi sí, òjò á ṣú, ààrá á sán, á rọ̀ fún wákàtí kan, oòrùn á tún yọ, kálukú á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ti Douala kì í kéde ara rẹ̀, kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà ni mi ò fi rí oòrùn. Aṣọ tí mo fọ̀ lọ́jọ́ Ajé kò tíì gbẹ lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì ti ń rùn. Mo jókòó nínú yàrá tí mo háyà ní New Bell, mo ń wo ògiri tí omi ti sọ di dúdú, mo ń bi ara mi pé ta ló rán mi níṣẹ́.

Fọkanáísà ni mí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní gáréèjì Ìsẹ́yìn, mi ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó ní kí n máa bọ̀ ní Douala sọ fún mi pé ọkọ̀ pọ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀nà wọn ò dáa, táyà sì ń bẹ́ lójoojúmọ́. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí kò sọ ni pé èèyàn lè lẹ táyà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láàrin ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn kó má rí ẹyọ ẹnì kan bá sọ̀rọ̀. Faransé ni wọ́n ń sọ. Bí wọn ò bá sọ Faransé, píjìn tiwọn ni, tí kò fi gbogbo ara jọ tiwa. Naija ni gbogbo wọn ń pè mí. Odidi oṣù kan kọjá tí orúkọ tí bàbá mi sọ mí kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ìkíni ló kọ́kọ́ dùn mí. Nílé, bí mọ́tò ẹ tilẹ̀ ń jóná, wàá kọ́kọ́ kí ẹni tó máa bá ẹ pa á. Ní New Bell, oníbàárà á ju táyà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, á ní “Gonfle”, ìyẹn ni pé kí n fi afẹ́fẹ́ sí i, ó parí. Lọ́jọ́ kan bàbá arúgbó kan wọlé, mo gbàgbé ibi tí mo wà, mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá náà wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bi mí bóyá nǹkan mi ló já bọ́. Mo ní rárá. Mo dìde, mo gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò láyà, mo fi afẹ́fẹ́ sí táyà rẹ̀.

Ìyá Màríámọ̀ ló wá gbà mí sílẹ̀. Páàtì mọ́tò ló ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ mi: bẹ́líìtì, púlọ́ọ̀gì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ọmọ Ṣakí ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti dé Douala kí wọ́n tó bí mi. Ọkọ ti kú, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. Ó lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ nílé nígbà tí mo dé, ó tó oṣù kan kó tó padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ tó ṣí i, mo ń bá nọ́ọ̀tì kan tó ti dípẹtà jà, mo ń bú u ní Yorùbá, ni mo gbọ́ ohùn obìnrin kan láti ẹ̀yìn páálí ọ́ìlì: “Ta ló ń ṣépè fún irin níbẹ̀ yẹn?”

Ojú ò tì mí láti sọ ọ́, mo sunkún. Ọkùnrin ńlá, sípánà lọ́wọ́, mo jókòó sórí táyà, mo ń sunkún. Ó jẹ́ kí n sun ún tán, ó wá bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Mo ní Ìsẹ́yìn. Ó ní ọmọ ibi tí wọ́n ti ń hun òfì, kí ló wá gbé mi dé ìdí rọ́bà.

Láti ọjọ́ náà, òun ni mo ń kọ́kọ́ rí láràárọ̀. Màá dọ̀bálẹ̀, òun á sì kí mi kanlẹ̀: ṣé mo jí dáadáa, ṣé ara le, ìyàwó ńkọ́, ọmọ ńkọ́, ṣé òjò ò wọ yàrá? Ó mọ̀ pé Ìsẹ́yìn ni ìyàwó àti ọmọ mi wà, ó ṣì ń bèèrè wọn bí ẹni pé abẹ́ òrùlé kan náà la jọ sùn. Lásìkò ààwẹ̀, èmi tí mo ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń bá a ṣínu. Bí mo bá ṣi nǹkan ṣe, á bú mi. Bí mo bá ṣe é dáadáa, á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ràn méjèèjì.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Màríámọ̀, tó ń gbé ní Makepe, tó sì ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní èbúté. Douala ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó gbọ́ Faransé bí àwọn ọmọ onílùú, kí wọ́n má baà máa fi ṣẹlẹ́yà nílé ìwé, ló bá fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ Yorùbá sí ọmọ náà. Bó ṣe di pé “Ẹ káàárọ̀” àti “Ẹ ṣé” nìkan ló mọ̀ nìyẹn. Faransé Màmá, ti ọjà ni; ti ọmọ rẹ̀, ti ìwé ni. Ní Sátidé tó bá wá, wọ́n á sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á dé ibi tí Faransé Màmá pin sí, Màríámọ̀ á wá mú fóònù rẹ̀ jáde.

“Èmi àti bàbá ẹ̀ la fọwọ́ ara wa ṣe é,” Màmá sọ fún mi lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ tán. “A ò rò pé a máa darúgbó.”

Tèmi náà ò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún kan ni ọmọbìnrin mi nígbà tí mo kúrò nílé. Gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni mo ń pè wọ́n. Nígbà tí ọmọ náà ti wá ń sọ̀rọ̀ dáadáa, á gba fóònù, á ní “Ẹ káàsán sà”, ohùn tó fi ń kí tíṣà rẹ̀ gan-an. Màá bi í pé kí ló jẹ. Á ní ìrẹsì. Màá bi í pé kí ló kọ́ nílé ìwé. Á ní kí n bá màmá òun sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi á gba fóònù, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Nígbà mìíràn nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa. Bí mo bá ti gbé e sílẹ̀, màá lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Màmá, á wo ojú mi, kò ní bèèrè nǹkan kan, á kàn wá ìjà tó máa bá mi jà, bíi ti ìgbálẹ̀ rẹ̀ tí mo yá tí mi ò dá padà. Tí a bá jà díẹ̀, ara mi á balẹ̀.

Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe kan. Àwa fọkanáísà ní ọ̀nà tí a fi ń dán táyà tókùnbọ̀ wò. Àtàǹpàkò la máa ń fi tẹ̀ ẹ́. Táyà tó ti pẹ́ á gan, á le koránkorán. Èyí tó bá rọ̀ lábẹ́ ìka, ara rẹ̀ ṣì tutù nìyẹn, a jẹ́ pé ó dáa. Ọ̀gá mi a máa sọ pé ojú lè parọ́, àtàǹpàkò kì í parọ́. Ní ìgbà òjò mi àkọ́kọ́ ní Douala, mo rí táyà méjì kan nínú ẹrù tó wá láti òkè òkun. Wọ́n fẹ̀, wọ́n dúdú, wọ́n sì rọ̀ débi pé eruku ń lẹ̀ mọ́ wọn. Ilà ojú wọn ò ju díẹ̀ lọ. Inú mi dùn, mo rò pé wúrà ni mo he. Mo fi wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀ awakọ̀ takisí kan, mo tún ń yangàn fún un.

Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ kẹta ló gbé takisí náà yí po lójú títì, tó kọ ojú rẹ̀ sí ibi tó ti ń bọ̀, tó sì jù ú sí gọ́tà. Ọlọ́run ló yọ ọ́, kò sí èrò nínú ọkọ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ló wá bá mi, ojú wọn pọ́n. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Màmá jáde, ó dúró sáàrin èmi àti wọn pẹ̀lú Faransé ọjà rẹ̀, ó ní tí wọ́n bá máa lù mí, kí wọ́n kọ́kọ́ lu òun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní kí n bẹ̀bẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nílé. Mo dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú awakọ̀ náà. Kò mọ ohun tí mo ń ṣe, Màmá ló túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó kó táyà rẹ̀ àtijọ́, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Màmá fi pè mí ní Onítáyà-bí-ẹ̀kọ.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun tí mo tà. Ọ̀dọ́ olówó kan láti Bonapriso ló là mí lójú. Ó ní ọkọ̀ búlúù kan, ilẹ̀kùn méjì, tó rẹlẹ̀ débi pé èèyàn ní láti tẹ̀ kọ́dọrọ́ kó tó wọ̀ ọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń lọ sí títì gbọọrọ kan lápá Japoma, wọ́n á sáré ìje. Wọn kì í yà sí kọ́nà kankan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin títì ló borí. Ní Sátidé, màá bá a yọ táyà ẹ̀yìn méjèèjì tó fi ń rìn láàrin ìlú, màá fi ti ìje sí i. Lọ́jọ́ Ajé, màá tún un pààrọ̀. Ó jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn láti ṣàlàyé, mo sì ti gbọ́ Faransé díẹ̀ nígbà náà. Ó ní rọ́bà tó rọ̀ yẹn, torí kó lè di ojú títì gbígbẹ mú ni, pàápàá tó bá ti gbóná. Ilà ojú táyà ló sì ń fọ́n omi dànù. Táyà ìje, irú èyí tí mo tà yẹn, kò ní ilà tó pọ̀. Bí omi bá pọ̀ lójú ọ̀nà, kò ní rí ibi gbà jáde, á wọ abẹ́ táyà, ọkọ̀ á sì léfòó.

Mo bi í pé bí òjò bá wá ká èèyàn mọ́ ojú ọ̀nà ńkọ́. Ó ní kí onítọ̀hún má tẹ iná lójijì, kó má tẹ bíréèkì lójijì, kó má yí ọwọ́ lójijì. Ó ní èyí tó dáa jù ni kó wá ibì kan dúró sí títí òjò á fi dá. Ní Douala? Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo gbé e kọ́ ọrùn bíi mẹ́dàlì. Màmá ní kí n má gbàgbé pé ọkọ̀ olówó kò sọ awakọ̀ di olówó. Ó ṣì bá mi fi aṣọ nu bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé kan ni. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Ọkọ̀ búlúù wà nínú àgọ́ mi pẹ̀lú táyà ìje lẹ́yìn, nítorí pé ilé ni ọlọ́kọ̀ gbàgbé táyà tó fi ń rìn sí, ó ní òun á fi ránṣẹ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, mo gbé oúnjẹ mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Màmá bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó di ife tíì mú lọ́wọ́ ọ̀tún. Ife náà yọ̀ bọ́, kò sì wolẹ̀ láti wò ó. Ó fẹ́ pe orúkọ mi, ìdajì rẹ̀ ló jáde. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe mú bàbá mi nìyẹn, mi ò nílò kí dókítà sọ fún mi.

Mo sáré bọ́ sójú títì. Omi ti dé agbedeméjì ojúgun. Takisí tó ń kọjá kún, èyí tí kò kún ń ṣẹ́rí padà nítorí àgbàrá. Ọlọ́kadà kan, àwọn tí wọ́n ń pè ní bẹ́ńsíkìn níbẹ̀, dúró, ó wo Màmá, ó mi orí, ó ní kò lè di òun mú, á ṣubú. Solange, obìnrin tó ń din àkàrà ìyẹ̀fun ní ọ̀kánkán wa, pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Wọn ò sọ ìgbà tí wọ́n máa dé. Mo yíjú, mo rí ọkọ̀ búlúù.

Mo kọ́kọ́ ronú pé kí n pààrọ̀ táyà. Kò sí èyí tó bá ríìmù rẹ̀ mu nínú gbogbo ohun tó wà nílẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú táyà ìje kì í pọ̀, torí kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀. Lórí omi, pípẹrẹsẹ yẹn gan-an ló máa gbé wa léfòó. Mo fa rọ́bà afẹ́fẹ́, mo fi kún un lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan títí ikùn wọn fi yọ, tó sì le. Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́ta ló gbà, bóyá mẹ́rin. Solange ti gbé Màmá jáde, ó dúró tì mí lẹ́nu àgọ́, orí Màmá ní àyà rẹ̀.

“Naija, na now you di put air for tyre? Mami di die.”

Mo yọ rọ́bà afẹ́fẹ́ kúrò. A gbé Màmá wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú wàhálà, torí ilẹ̀kùn méjì, Solange wọlé tẹ̀lé e, ó gbé orí rẹ̀ lé itan.

Bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ kan iná báyìí, ìdí ọkọ̀ yà sí ọ̀tún. A ò tíì jáde nínú àgọ́ o. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe láti fò ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, ọ̀nà sì sọ pé ẹni bá fò, á kú. Mo rántí ohun tí ìyá mi máa ń sọ, pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo bọ́ bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ kí n lè mọ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, mo fi í sí jíà kejì, mo jáde.

Mo wá lọ́rì kan tó wà níwájú, mo tọ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí táyà rẹ̀ ńlá ti ń la omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún mi. Mo fi àyè sílẹ̀ láàrin wa, àyè tí lọ́rì mẹ́ta lè wọ̀. Àwọn takisí rí àyè náà, wọ́n ń kó wọ inú rẹ̀, mo tún ń fà sẹ́yìn. Níbi tí mo bá ti rí adágún, màá yà á láti òkèèrè, díẹ̀díẹ̀. Níbi tí kò bá ti ṣeé yà, màá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná kí n tó dé ibẹ̀, màá di ọwọ́ mú tààrà, màá jẹ́ kó yí kọjá fúnra rẹ̀. Mi ò tẹ bíréèkì bí mo bá lè fi jíà fà á dúró. Wọ́n ń fọn fèrè lẹ́yìn mi. Awakọ̀ kan tú gíláàsì sílẹ̀ nínú òjò láti bú mi, pé irú ọkọ̀ yìí, mo ń wà á bí ẹni ń sin òkú.

Mo ń bá Màmá sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Mo ń sọ ohun tí mo ń ṣe fún un: Màmá, omi kan rèé níwájú, a máa rọra kọjá. Màmá, a ti kọjá. Màmá, ẹ má sùn o, ẹ dá mi lóhùn. Níbẹ̀rẹ̀ ó ń ní “hùn”. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ọ mọ́.

“Massa, run,” Solange wí. Ẹkún ti wà lóhùn rẹ̀. “This one na car for run.”

“If I run, na three of we go die.”

Mo sọ ọ́, mi ò sì gbà á gbọ́ tán. Nígbà tí a já sí títì tuntun kan tí ọkọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀, mo rí òrùlé ilé ìwòsàn lókèèrè. Ọ̀nà náà dúdú, ó ń dán, ó tẹ́jú. Mo wo ẹ̀yìn nínú dígí, mo rí ojú Màmá. Mo tẹ iná, kì í ṣe púpọ̀. Sítíárì fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ wa mọ́. Ọkọ̀ ń lọ sí ibi tó wù ú, ibi tó sì wù ú ni ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí àwọn obìnrin mẹ́rin kan dúró sí lábẹ́ agbòjò. Gbogbo ẹsẹ̀ mi ló fẹ́ fò mọ́ bíréèkì. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, mo di ọwọ́ mú bó ṣe wà, mo ń pe Jésù. Táyà rí ilẹ̀, ó gbá wa padà díẹ̀, a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin náà. Ọ̀kan nínú wọn ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan tí ẹnì kejì sọ. Wọn ò mọ̀.

Mi ò tún gbìyànjú ẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ náà ni mo ṣe parí rẹ̀, ní jíà kejì, tí ọmọdé tó ń sáré lè bá wa dọ́gba. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀nà yẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Solange wo fóònù rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé Màmá wọlé, ó ní ó kù díẹ̀ kó pé wákàtí kan.

Màríámọ̀ dé láti ọ́fíìsì, òjò ti pa á, aṣọ rẹ̀ tutù rinrin. Solange ló ròyìn fún un: bí mo ṣe ń fi afẹ́fẹ́ sí táyà, bí gbogbo ọkọ̀ ṣe ń yà wá sílẹ̀. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà, bó ṣe rí i ló sọ ọ́. Màríámọ̀ wá dúró níwájú mi. Ó fi Faransé bi mí pé ọkọ̀ tó yára jù ní Douala ló wà lọ́wọ́ mi, báwo ni mo ṣe lo wákàtí kan lójú ọ̀nà tí ìyá òun ń kú lọ lẹ́yìn mi.

Faransé tí mo gbọ́, ti nọ́ọ̀tì àti túùbù ni. Ká ní Yorùbá ni, ǹ bá ṣàlàyé fún un látòkè délẹ̀, ǹ bá dọ̀bálẹ̀, ǹ bá sọ fún un nípa àwọn obìnrin abẹ́ agbòjò yẹn. Yorùbá tirẹ̀ kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà. “Pardon” nìkan ni mo rí sọ. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ní ìyókù ọjọ́ náà mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ lásán, torí bàtà mi ti kù sínú ọkọ̀.

Màmá ò kú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo bi dókítà pé bí a bá ti tètè dé ńkọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ó fẹ́ fi tù mí nínú ni, kò mọ̀ pé èyí tí mi ò ní lè mọ̀ yẹn ló máa bá mi gbé. Ọlọ́kọ̀ búlúù wá, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó wo táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun fúnra òun ò ní gbìyànjú ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mú nǹkan kan kúrò lọ́kàn mi.

Màríámọ̀ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Makepe. Mo lọ kí i lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà ṣílẹ̀kùn fún mi, kò sì jókòó tì wá. Màmá kàn ń wò mí. Nígbà tó yá, mi ò lọ mọ́. Ẹnì kan gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń ta ìbòrí fóònù níbẹ̀, ó sì ń kọrin láti àárọ̀ dalẹ́. Odidi ọ̀sẹ̀ á kọjá kí n tó gbọ́ Yorùbá, àfi ti fóònù ọjọ́ Àìkú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé la fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Mo rò ó pé kí n máa lọ sílé. Àjò kò dùn kí onílé má rele, wọ́n máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kí mi ní sà ló wà nílé, àti obìnrin tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé láìsí mi. Ní Douala pàápàá, ibì kan ṣoṣo tí mo ti jẹ́ ọmọ ẹnìkan ni ẹ̀yìn páálí ọ́ìlì yẹn. Mo dá wà débi pé bí mo bá ń lẹ táyà, màá máa kí ara mi.

Ó tó oṣù márùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ òjò náà, lọ́sàn-án Sátidé kan, kí Màríámọ̀ tó pè mí. Kò pè mí rí. Ọkàn mi já, mo rò pé ìyá ti kú. Ó ní rárá, ìyá òun ti ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n Faransé ò padà, píjìn ò padà. “Yorùbá yín yẹn nìkan ló ń sọ,” ló fi Faransé sọ fún mi. Ó ní ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ fún òun, pàápàá tí òun bá ń fún un lóúnjẹ, òun ò sì mọ ohun tó jẹ́. Ó bẹ̀ mí. Ó gbé fóònù sí i létí.

“Màmá, èmi ni o. Ọmọ Ìsẹ́yìn.”

“Ìsẹ́yìn,” ni Màmá wí. Ohùn náà wúwo, ó ń wọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni. Ojú mi kún fún omi. Ó sinmi díẹ̀, ó wá sọ èyí tó ti ń sọ láti ọjọ́ mẹ́ta.

“Ta ni obìnrin yìí? Obìnrin tó ń fún mi lóúnjẹ yìí, ta ni?”

Màríámọ̀ ti gba fóònù padà, ó ti ń bi mí pé kí ló wí, kí ló wí. Mo rántí rẹ̀ nílé ìwòsàn, omi ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n sọ ọ́ fún un bó ṣe rí.

Mo ní ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ ni.

Mo gbọ́ pé ó ń sunkún. Ó bi mí pé báwo ni òun ṣe máa dá a lóhùn ní Yorùbá. Mo ní kó máa tẹ̀lé mi, mo sọ ọ́ fún un ní ẹyọ ẹyọ, ó ń sọ ọ́ sí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ahọ́n Faransé: “Èmi ni, Màámi. Màríámọ̀ ni. Ọmọ yín ni mí.” Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó dáa díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo gbọ́ ohùn Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù.

“Màríámọ̀ ọmọ mi?”

“Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni,” mo sọ sí i létí.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Màríámọ̀ wí.

“Kí ló dé tó o fi pẹ́ tó báyìí?”

Màríámọ̀ bi mí pé kí ni ìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un bó ṣe rí. Ó ní kí n kọ́ òun ní ohun tí òun máa fi dáhùn. Yorùbá kún ẹnu mi, mi ò sì mọ èyí tó lè fi dá ìyá rẹ̀ lóhùn.